Ẹ̀rọ Tó Ń Kọrin, Etí Tó Ń Gbọ́ Odó: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Kíláàsì SS1 ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin. Àwọn olùkọ́ orin ẹlẹgbẹ́ mi ní Adó àti Ìkọ̀lé ń béèrè bí a ṣe ti ara orin tí ẹ̀rọ ń ṣe dé orí kíkọ́ àwọn ọmọ láti gbọ́ ohùn ìlú wọn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ tán pátá, kì í ṣe ibi tó dùn ún gbọ́ nìkan.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Iṣẹ́ tí mo fún wọn ni pé kí olúkúlùkù ṣe orin kan tí kò gùn ju ìṣẹ́jú méjì lọ, tí ẹni tí kò dé Ẹ̀fọ̀n rí yóò fi mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ níbí. Wọ́n lè lo ohunkóhun tó bá wù wọ́n: ohùn ẹnu, ìlù, ìgò, kíbọ́ọ̀dù ilé-ẹ̀kọ́, fóònù òbí wọn. Mi ò dárúkọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pè ní AI, mi ò sì kà á léèwọ̀.

Ó ju ìdajì kíláàsì lọ tó gbé orin AI wá. Áàpù kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti kọ gbólóhùn kan sí i, á dá odindi orin padà fún un, tòun ti akọrin, kí èèyàn tó fi omi bọjú tán. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: àwọn orin náà dùn. Ohùn wọn mọ́, báàsì wọn rinlẹ̀, obìnrin tó ń kọ ọ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tí à ń gbọ́ lórí rédíò. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún èyí àkọ́kọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìkejì. Nígbà tó di ìkarùn-ún, àtẹ́wọ́ ti ń rọlẹ̀, nítorí àwọn fúnra wọn ti ń fura. Ẹyẹ kan náà ló ń ké ní ìbẹ̀rẹ̀. Fèrè kan náà ló ń tẹ̀lé e, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú fíìmù bí wọ́n bá fẹ́ fi igbó han èèyàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlù àfọwọ́lù kan á wọlé tó jọ jẹ́ńbé àwọn ará Mali àti Guinea, tí kì í ṣe ìlù tiwa, kó tó di pé bíìtì Afrobeats gbé gbogbo rẹ̀ mì. Kò sí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ìpè ìrun, kò sí ọwọ̀ tó ń gbálẹ̀, kò sí àkùkọ. Orin tó ní òwúrọ̀ Èkìtì lòun ń sọ, kò sí odó nínú rẹ̀.

Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un tún bá nǹkan mìíràn pàdé. Ẹ̀rọ náà gbé ọ̀rọ̀ wọn lé ohùn orin tí kò bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Ibi tó yẹ kó gòkè ló ti sọ̀kalẹ̀, ibi tó yẹ kó dúró ló ti ń fò. Ìyá tó bá gbọ́ ọ láti yàrá kejì kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Ó bá orin ìsìn wa jà nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin àwọn òyìnbó, títí tí àwọn bíi T. K. E. Phillips, aludùrù ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral Church of Christ l'Ékòó, fi dìde sí i. Ní 1953 ni ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde. Ó dùn mí pé ọ̀nà tí àwọn àgbà ti fi làágùn là ni ẹ̀rọ tuntun yìí ń gbé àwọn ọmọ gbà padà sẹ́yìn, láìjẹ́ pé ọmọ kan mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti rin ọ̀nà náà rí.

Mo pe ọmọkùnrin tí orin rẹ̀ dùn jù síwájú, mo ní kó ka ohun tó kọ sí áàpù náà. Gẹ̀ẹ́sì ni: kí ẹ̀rọ ṣe orin òwúrọ̀ àlàáfíà ní abúlé kan ní Áfíríkà. Mo ní, "Níbo ni Ẹ̀fọ̀n wà nínú rẹ̀?" Kò fèsì. Mo wá bi í pé, "Kí ló kọ́kọ́ dún sí ọ létí láàárọ̀ yìí nígbà tí o jí?"

Ó ronú títí. Ó ní, "Mi ò mọ̀, mà."

Mo bi ẹni tó jókòó tì í, òun náà kò mọ̀. Mo bi gbogbo kíláàsì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló nawọ́, ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé áláàmù fóònù ni.

Ìdáhùn yẹn ló yí iṣẹ́ náà padà. Ká ní mo gbógun ti fóònù lásán, mi ò ní tíì fọwọ́ kan ohun tó wà nílẹ̀. Pé ẹ̀rọ kò gbọ́ Ẹ̀fọ̀n rí, ìyẹn yé mi. Àmọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n ń sùn tí wọ́n ń jí níbẹ̀, kò gbọ́ ọ. Ẹni tí kò mọ bí ilé rẹ̀ ṣe ń dún, kí ni yóò fi dá ẹ̀rọ lẹ́jọ́?

Kí a tó jáde síta, mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣẹ̀dá orin kò ní etí. Orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń kó fún un, pẹ̀lú àkọlé tó ń sọ irú orin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé ẹ̀rọ á gé ohùn sí wẹ́wẹ́, á sọ wẹ́wẹ́ náà di nọ́ńbà, á wá kọ́ èyí tó sábà máa ń tẹ̀lé èyí. Bí a bá bẹ̀ ẹ́ fún orin, á máa méfò èyí tó yẹ kó kàn, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, títí orin á fi pé. Nígbà tí Google sọ bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ orin wọn tí wọ́n ń pè ní MusicLM ní oṣù kìíní ọdún 2023, orin tí wọ́n fi kọ́ ọ tó wákàtí 280,000. MusicGen tí Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún kan náà lo wákàtí 20,000, àwọn tó ṣe é sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wọn pé kì í ṣe gbogbo irú orin àti gbogbo àṣà ló mọ̀ ọ́n ṣe dọ́gba.

Ọmọ kan fi fóònù ṣírò rẹ̀: wákàtí 280,000 súnmọ́ ọdún 32, tọ̀sán-tòru láìsinmi. Ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni mo ti ń dúró dè. "Mà, nínú ọdún 32 yẹn, ta ló lọ gba ti Ẹ̀fọ̀n sílẹ̀?"

Mo wá kọ àkójọ kan sójú pátákó. ESC-50 ni orúkọ rẹ̀, Karol Piczak ló gbé e jáde ní 2015, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà sì ń fi í dán ẹ̀rọ wò bóyá ó lè dá ohùn àyíká mọ̀. Ohùn 2,000 ló wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pín gbogbo rẹ̀ sí oríṣi 50. Mo túmọ̀ àádọ́ta náà sí Yorùbá, mo ní kí àwọn ọmọ fa ìlà sábẹ́ èyí tó wà ní Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n fà á sábẹ́ àkùkọ, ọ̀pọ̀lọ́, ìrẹ̀, òjò, àrá, ọmọ tó ń sunkún, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ayùn, ẹ̀rọ ìgégi. Wọ́n bi mí bí ẹ̀rọ tó ń fa eruku ilẹ̀ mu ṣe ń dún. Wọ́n bi mí nípa rélùwéè, nítorí kò sí ojú irin tó gba Èkìtì kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe èyí tí kò sí: odó kò sí níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kò sí, ẹ̀rọ ìlọta kò sí, obìnrin tó ń kiri ọjà kò sí. Inú ti ń bí àwọn kan. Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó ṣèkà sí wa. Ohùn tí àwọn èèyàn ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọkùnrin náà rí kó, àwa kò sì gbé tiwa síbẹ̀. Bóyá ó yẹ kí a gbé e síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ó sì pín kíláàsì sí méjì nígbà tó yá.

Ọ̀nà tí mo gbà kọ́ wọn láti gbọ́, mo yá a lọ́wọ́ R. Murray Schafer, ará Kánádà tó ń kọ orin sílẹ̀, tó kú ní 2021. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Simon Fraser ló dá iṣẹ́ gbígbọ́ àyíká sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ní 1975 wọ́n lọ sí abúlé márùn-ún ní Yúróòpù láti gba bí wọ́n ṣe ń dún sílẹ̀. Ó pín ohùn àyíká sí ọ̀nà mẹ́ta tí mo sọ báyìí fún àwọn ọmọ: ohùn ilẹ̀, tó wà lábẹ́ gbogbo ohùn yòókù tí a kì í tilẹ̀ gbọ́ mọ́, ohùn ìpè, tó ń ké sí èèyàn pé kó ṣe nǹkan, àti ohùn ìdámọ̀, tó jẹ́ ti ibì kan ṣoṣo. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ra ìwé pélébé kan tí a ń pè ní ìwé etí. Láàárọ̀, kí wọ́n tó dìde lórí ẹní, wọ́n á dijú, wọ́n á gbọ́, wọ́n á wá kọ ọ́ bó ṣe tẹ̀lé ara wọn. Lọ́sàn-án, gbogbo wa á rìn láti ẹnu géètì lọ títí dé ọjà, láìsí ẹni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì rò pé ìjìyà ni mo fún wọn.

Ẹ̀fọ̀n wà láàárín òkè, àwọn òkè yẹn sì ń dá sí ọ̀rọ̀ gbogbo. Ọmọ kan tí ilé wọn wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kọ ọ́ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù nígbà méjì ní ọ̀dọ̀ wọn, èkejì kò le tó àkọ́kọ́. Èyí tó ń gbé ìsàlẹ̀ ní irọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ló ń lù. A lọ dúró sí ilé àwọn méjèèjì, òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé ọwọ̀ ìyá òun kì í dún bíi ti aládùúgbò wọn, nítorí ilẹ̀ tiwọn jẹ́ sìmẹ́ńtì, ti ibẹ̀ jẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Ọmọkùnrin tí orin rẹ̀ dùn jù lọ́jọ́ yẹn wá mọ ohun tó ń jí i: ọkọ̀ akẹ́rù tó ń yí jíà bó ṣe ń gun òkè bọ̀.

Ohun tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu ni ohùn tiransifọ́mà. A ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ nígbà tí iná wà, ọmọ kan dúró, ó ní nǹkan ń kùn. Olùkọ́ físíìsì bá wa ṣàlàyé rẹ̀: iná ìjọba ní Nàìjíríà ń yí lọ yí bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, irin inú tiransifọ́mà sì ń gbọ̀n ní ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 100. A gbé kíbọ́ọ̀dù dé ibẹ̀, a wá a títí, ohun tó súnmọ́ ọn jù ni ohùn kíbọ́ọ̀dù tí a ń pè ní G, ní ìsàlẹ̀, èyí tó ń gbọ̀n nígbà 98. Àwọn ọmọ fi ẹnu kùn ún, wọ́n bá a mu. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti mọ̀ pé bí iná bá wà, gbogbo àdúgbò ń kọrin lórí G tí wọn kò mọ̀. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, G yẹn á kú, jẹnẹrétọ̀ á gbà á, èyí tí ti ilé kan kò bá ti ilé kejì mu. Ohùn ilẹ̀ wa nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, nítorí kò sí ẹni tó kà á sí ohùn.

Odó ló gba ojú ewé púpọ̀ jù nínú ìwé etí. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ iyán, àmọ́ kò sí ẹni tó ti bi wọ́n rí bó ṣe ń dún. Ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn ilé ìyá-ìyá rẹ̀, ó kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí iṣu ṣì wà ní gígé, ọmọ odó ń bọ́ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohùn rẹ̀ fúyẹ́, kò sì dọ́gba, nítorí iṣu ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí iṣu ṣe ń fọ́ ni ohùn ń wọlẹ̀. Nígbà tó yá, ó di gbì, gbì, gbì, ó ń lọ déédéé. Lẹ́yìn náà ni ìró kejì wọlé tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí ọmọ odó bá ń gòkè, iyán á fà á díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kọ ọ́ pé màmá àgbà kò wo inú odó kó tó ní kí wọ́n ta omi díẹ̀ sí i. Etí ló fi mọ̀ ọ́n.

Níbi tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ti ń gún un pọ̀ ni ẹ̀kọ́ orin mi ti rí ẹsẹ̀ fi rìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí àlàfo ẹnìkejì, wọn kì í forí gbárí, kò sì sí ẹni tó ń ka ọ̀kan, méjì fún wọn. Mo ti ń fi pátákó kọ́ àwọn ọmọ bí gúdúgúdú, kẹríkẹrì àti ìyáàlù ṣe ń bọ́ sí àlàfo ara wọn nínú ẹgbẹ́ dùndún. Wọ́n ń dàákọ rẹ̀, kò sì yé wọn. Níbi odó, ó yé wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ orin tó ń ka èyí, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sídìí odó kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan sójú pátákó.

A lọ kí bàbá onílù kan, àyàn láti ilé baba rẹ̀. Ọmọkùnrin ọjọ́sí dọ̀bálẹ̀, ó sì fi orin AI rẹ̀ gbọ́ bàbá lórí fóònù. Bàbá ní kó tún un fi. Ó tẹ́tí sí i dáadáa, ó mi orí, ó ní, "Ó dùn. Ta ló ń kí?"

Ọmọ náà kò mọ ohun tí bàbá ń bi í.

"Ìlù inú rẹ̀ yìí. Ta ló ń kí? Kí ló ń bá a sọ?"

Ó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, ó kí wa bí wọ́n ṣe ń kí àlejò láàárọ̀, ó kí ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó kí èmi, ó sì lu orúkọ ọmọ náà tòun ti oríkì tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọmọ náà yí padà. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, mi ò rí ọ̀nà tó yá tó báyìí láti fi han ọmọ pé ìlù wa ń sọ̀rọ̀ sí ẹnì kan, ní àkókò kan, nítorí nǹkan kan. Ẹ̀rọ lè ṣe ohùn tó jọ ti dùndún. Kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Bàbá tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò bá pàdé nínú ìwé àwọn òyìnbó lórí gbígbọ́ àyíká. Wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ pé kí etí ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ohùn. Bàbá ní kò rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ohùn wà tí ọmọdé kì í tẹ̀lé, ohùn wà tí obìnrin ń gbọ́ tó ń wọlé tó ń ti ilẹ̀kùn. Bí irú rẹ̀ bá dún, ẹni tó bá mọ̀ á yí etí kúrò níbẹ̀, kò ní yọ fóònù. Mo kọ ìyẹn mọ́ òfin ìwé etí lọ́jọ́ kan náà: kò sí gbígba ohùn ìṣẹ̀ṣe sílẹ̀, kò sì sí títẹ̀lé e. Àwọn òbí méjì kan tí ara wọn kò lélẹ̀ nípa ìrìn náà fọkàn balẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ní kí wọ́n padà sórí ẹ̀rọ. Olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ wa rò pé mo ti ta á nù, ó yà á lẹ́nu. Àmọ́ ìgbà yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n lò ó, nígbà tí wọ́n ti ní ohun tí wọ́n lè fi bá a jiyàn. Ọmọbìnrin tó kọ nípa odó ṣàpèjúwe òwúrọ̀ rẹ̀ fún áàpù náà ní kíkún: ọwọ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, agogo tó lu òkè tó padà, èèyàn mẹ́ta nídìí odó, tiransifọ́mà tó ń kùn lórí G. Orin tó jáde sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àkùkọ wà níbẹ̀, agogo wà níbẹ̀. A gbọ́ ọ pọ̀, gbogbo kíláàsì sì ń kọ̀wé bó ṣe ń lọ.

Ohun tí wọ́n kọ ló fi hàn mí pé etí ti là. Agogo náà kò ní ìdáhùn òkè. Kò sí G kankan tó ń kùn, kọ́ọ̀dù dídùn ló fi síbẹ̀. Odó ti di ìlù báàsì, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà ló ṣe parí. Ọmọ kan ní, "Mà, iyán yìí kò ní kúnná láéláé." Ọmọbìnrin náà tún gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé ìró odó ilé wọn tó ti gbà sílẹ̀ sí áàpù náà pé kó bá òun tẹ̀ síwájú. Ó tẹ̀ síwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó na ìró náà, ó tò ó sí mẹ́rin-mẹ́rin bíi ti bíìtì orin ìgbàlódé. Mo fi agogo lu kónkóló, ìlù tó ń tọ́ ìlù yòókù sọ́nà, tì í, gbogbo wọn gbọ́ ibi tó ti yẹ̀. Ohùn akọrin inú rẹ̀ náà kò jọ ti ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa: ọmọ Èkìtì ń sọ ulé nílé, ẹ̀rọ kò mọ̀ ju Yorùbá ìwé lọ, èyí tó ń ṣì pè náà.

Mi ò ní fi ibi tó ti ṣe dáadáa pamọ́. Bó ṣe mú ohùn kan súnmọ́ni tó sì mú òmíràn jìnnà sẹ́yìn, àwọn ọmọ kò tíì ronú kan ìyẹn rí. Wọ́n gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú orin tí wọ́n jọ ṣe fún ìparí táàmù, àwọn tó ń ṣe agogo dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn, nítòsí ilẹ̀kùn, kí ó lè jọ pé òkè ló ń dáhùn.

Orin yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo kíláàsì tó ń kùn lórí G pẹ̀lú ẹnu pípadé. Ọwọ̀ méjì ń gbá ilẹ̀, ọ̀kan lórí sìmẹ́ńtì, ọ̀kan lórí páálí tí a da iyẹ̀pẹ̀ sí. Odó mẹ́ta wọlé, iṣu gidi wà nínú wọn, nítorí wọ́n ní odó òfìfo ń purọ́. Láàárín rẹ̀, G kú lójijì, àwọn ọmọ tó di ìgò àti agolo mú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jẹnẹrétọ̀, oníkálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí iná dé, wọ́n pariwo bí gbogbo wa ṣe ń pariwo. Orin tó tẹ̀lé e, àwọn ló dá a fúnra wọn, ohùn rẹ̀ sì bá ọ̀rọ̀ mu. Láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn, àwọn kan gbé ohùn kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́, bí àwa Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ṣe máa ń kọ ọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Iyán kúnná kí orin tó parí. A jẹ ẹ́.

Lórí máàkì, ìwé etí ló gba apá tó pọ̀ jù. Orin AI kò gba òdo lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e wá gbọ́dọ̀ kọ ohun tó sọ fún ẹ̀rọ, ohun tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀, àti ohun tí ẹ̀rọ mú wá tí òun kò rò tẹ́lẹ̀. Bàbá ọmọ kan wá rí mi pé WAEC ni òun ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ sí, kì í ṣe rírìn kiri ìlú. Mo gbé ìwé etí ọmọ rẹ̀ fún un. Ó kà á lórí ìdúró, ó ní òun yóò tún padà wá kà á. Ọmọkùnrin tí orin rẹ̀ dùn jù ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé orin AI òun ló máa wọ rédíò, ti kíláàsì kò lè wọ̀ ọ́. Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ó gba máàkì tó ga, nítorí ó kọ ohun mẹ́sàn-án tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kò ní rí ẹyọ kan.

Ohun tó kù nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlù bàbá. Ó gbà kí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ irú áàpù yìí ló ní i nínú àdéhùn wọn pé ẹni tó bá gbé ohùn sókè ti fún ilé-iṣẹ́ ní àṣẹ láti lò ó. Lókè òkun, àwọn ilé-iṣẹ́ orin ńlá mẹ́ta, Universal, Sony àti Warner, gbé Suno àti Udio, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń ṣe irú áàpù yìí, lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2024 lórí orin tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ wọn. Onílù Ẹ̀fọ̀n kò ní ilé-iṣẹ́ tó ń bá a pe ẹjọ́. Nítorí náà inú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ni ohùn náà wà, a kò sì gbé e síbì kankan.

Kíláàsì ti pín sí méjì lórí rẹ̀. Àwọn kan ní bí a kò bá fún ẹ̀rọ ní tiwa, jẹ́ńbé ni yóò máa fi ṣe àpèjúwe wa títí ayé. Àwọn kejì ní ohun tí bàbá lù, ó lù ú fún àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ kò sí lára wọn. Èmi wà pẹ̀lú àwọn kejì lórí ìlù, mo sì wà pẹ̀lú àwọn àkọ́kọ́ lórí odó, ọwọ̀ àti agogo, tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú. Wọ́n ti kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ fún bàbá, ó sì ti gbà láti wá sí kíláàsì ní táàmù tó ń bọ̀ láti dá wọn lóhùn.